Ta ló ni ogun: ẹni tó wà nílé ni àbí ẹni tó wà lójú ìjà?

ÌBÉÈRÈ TÓ DÁ Ọ̀RỌ̀ SÍLẸ̀

Ẹ bá wa dá sí i o. Sátidé tó kọjá ni mo lọ gẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan nítòsí Ọjà Ọba, ní Òṣogbo níbí. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, olórí Ìbàdàn, ló lé ogun Ìlọrin kúrò lẹ́yìn odi wa láyé ọjọ́un. Onígbàjámọ̀ ní irọ́ ni, pé Olúyọ̀lé ò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan Òṣogbo, ìdí oko ilá rẹ̀ ní Ìbàdàn ló wà nígbà tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ń jagun. Bàbá bínú, onígbàjámọ̀ bínú, ẹni tó wá gba owó àjọ náà dá sí i. Kílípà dúró. Apá ọ̀tún orí mi ti mọ́, apá òsì kún bí igbó, mo sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí iná fi lọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé. Ẹni tí kò gbọ́ ìró ìbọn, ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pàṣẹ fún ẹni tí ọta ń fò lórí rẹ̀? Tí wọ́n bá sì ṣẹ́gun, ta ni ká kí?

* * *

Onígbàjámọ̀ yín kò purọ́. Bàbá orí bẹ́ǹṣì náà kò sì ṣìnà tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ogun náà ṣe lọ, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti fèsì kàn ń pariwo orúkọ lásán ni. Nǹkan bí ọdún 1840 ni. Alí, Balógun Ìlọrin tó jẹ́ Haúsá, ló kó ogun wá, ẹṣin sì ni agbára wọn. Òṣogbo ò lè dá a gbé, ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ìbàdàn kò kó gbogbo ọmọ ogun jáde lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rán wọn, ìròyìn sì ń padà lọ pé kò tíì tó, títí Ọdẹ́rìnlọ́ fúnra rẹ̀ fi dìde.

Nígbà tó dé, ó wo pápá, ó wo ẹṣin. Ẹlẹ́sẹ̀ tó bá jáde sí gbangba lọ́sàn-án, abẹ́ pátákò ni yóò sùn. Òun àtàwọn olóyè ogun tó kù bá fẹnu kò pé òru làwọn máa lọ. Òru náà ni wọ́n já wọ ibùdó Ìlọrin. Ẹṣin tó wà lórí èèkàn, tí wọn ò gbé gàárì lé, kí ni yóò ṣe fún ẹni tí ariwo jí lójú oorun? Bí ibùdó yẹn ṣe fọ́ nìyẹn.

Olúyọ̀lé kò lè jókòó sí Ìbàdàn kó mọ̀ pé òru ló yẹ. Ó jìnnà. Tí Ọdẹ́rìnlọ́ bá ní kí òun ránṣẹ́ lọ béèrè, kí ìránṣẹ́ tó lọ kó tó bọ̀, ẹṣin ti wọ̀lú. Nítorí náà, ọgbọ́n òru yẹn, ti àwọn tó wà níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí Ìbàdàn gba ìjà Òṣogbo jà rárá? Ta ló ń rán ọmọ ogun lé ara wọn lórí? Ilé ni wọ́n ti pinnu ìyẹn.

Ẹ rí i, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé ìdí tí a fi ń jà, ti olórí ni, bí a ṣe ń jà, ti balógun ni. Ó dùn ún gbọ́ létí. Èmi ò sọ pé irọ́ ni, mo ní kò tó. Ìjà olórí àti balógun kì í sábà ṣẹlẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe jà. Ẹ̀yìn ogun ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ní Òṣogbo yìí kan náà, wọ́n mú àwọn èèyàn ńlá mẹ́rin: Jínbà tó jẹ́ olórí ẹrú ọba Ìlọrin, ọmọ Alí fúnra rẹ̀, Ajíkòbì àti Látéjù. Wọ́n tú àwọn méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ ilé wọn. Ajíkòbì àti Látéjù, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá tó tẹ̀ lé Ìlọrin wá bá Yorùbá jà, wọ́n kó wọn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn bí ẹ̀rí ìṣẹ́gun, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí. Ẹ bi ara yín léèrè: ẹni tí a mú lójú ogun, ta ló ní í? Ẹni tó dè é lókùn ni àbí ẹni tó rán an níṣẹ́? Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń korò.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé olórí kì í bẹ̀rù balógun tó sá. Balógun tó ṣẹ́gun ló ń bà á lẹ́rù.

* * *

Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ti wá sọ pé kí olórí fọwọ́ lẹ́rán, kó jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣiṣẹ́. Ará Alékúwodò ní, "Ṣé wọ́n máa ń kọ́ adìẹ bó ṣe máa yé ẹyin ni?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Mo ti ṣe fọ́ọ̀mánù rí, kì í ṣe ogun, ilé ni. Ilé alájà kan lápá Ògo-Olúwa. Ẹni tó ni ín wà ní Èkó, kò mọ búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́fà yàtọ̀ sí mẹ́sàn-án. Àárọ̀ lálẹ́ ló ń pè mí lórí fóònù. Ya fọ́tò eléyìí wá. Kí ló dé tí iyanrìn fi wà níbẹ̀ yẹn? Ó ní kí n yọ òpó kan kúrò torí ọkọ̀ òun ò ní lè yí. Mo ní, "Ọ̀gá, òpó yẹn ló gbé dẹ́kìn." Ó ní, "Owó ta ni?" Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo fẹ́ẹ̀ kó irinṣẹ́ mi kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì. Ọjọ́ kan ló ní kí n fi téèpù wọn ọ̀pá irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, kí n ya fọ́tò ojú téèpù náà. Ìbínú ni mo fi ṣe é. Mo gbé téèpù lé ẹnu ọ̀pá, mo wò ó, mo tún un wò. Mìlímítà méjìlá ni. Mẹ́rìndínlógún ni a san owó rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń fo ọ̀pá yẹn kọjá, tí mò ń jókòó lé e jẹ̀bà. Ẹni tó wà ní Èkó ló rí i, torí iye owó tó jáde ló ń wò, èmi ń wo iṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá yín sọ pé kí olórí má dá sí i. Ìgbà tí Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jà, láti 1861 sí 1865, Abraham Lincoln, ààrẹ wọn, kì í ṣe ọmọ ogun. Lọ́yà ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ ní ọ́fíìsì tẹlígíráàfù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọ̀rọ̀ gba inú wáyà, ní ilé iṣẹ́ ogun wọn. Ibẹ̀ ló ti ń ka ìròyìn láti ojú ìjà, tí ó sì ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ padà. Ọ̀gágun rẹ̀, George McClellan, mọ bí wọ́n ṣe ń tò ọmọ ogun, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Kò kàn fẹ́ jà ni. Ojoojúmọ́ ló ń ní ọ̀tá pọ̀ ju òun lọ, kí wọ́n fi èèyàn kún un. Lọ́yà tó wà nílé ló rí i pé iye tó ń pariwo yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1862, ó yọ ọ́. Ó gbìyànjú ẹlòmíràn, ó tún gbìyànjú ẹlòmíràn: Burnside, Hooker, Meade. Oṣù kẹta 1864 ló tó fi gbogbo ọmọ ogun lé Ulysses Grant lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni kò tún jẹ́ kí fóònù ró púpọ̀ mọ́, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní òun ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ti kan ọ̀rọ̀ ogun: ó dáa, ẹ fò ó.

* * *

Ìyá kan béèrè ohun tí gbogbo àwa ọkùnrin gbàgbé: ta ló ń ra ẹ̀tù?

Ìyá mi, ẹ ṣeun. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní Ìbàdàn ìgbà yẹn, kò sí pé ìjọba ń san owó oṣù. Olóyè ogun kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ ọmọ ogun tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ yóò lọ gba ìbọn àti ẹ̀tù láwìn lọ́dọ̀ ẹni tó ní in, tó bá ti ogun dé, yóò fi ẹrú san án. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà wà lára àwọn tó ń fún wọn láwìn. Gbèsè wọn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ̀ láti máa bù ú fún wọn mọ́.

Ẹ wo ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà, tó jẹ́ olórí Ìbàdàn nígbà náà, kà sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tó ti ogun dé. Wọ́n ní kò bá Ààrẹ lọ sógun. Wọ́n ní kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun. Wọ́n ní kò jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi kó kí i kú ewu. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó jẹ́ pé ó pa èèyàn tàbí ó da ìlú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù àti ọ̀rọ̀ ìkíni ni. Ọdún 1874 ni wọ́n pa á sínú ilé rẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n sì lò.

Àwọn kan yóò ní Ẹfúnṣetán burú sí àwọn ẹrú rẹ̀. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí Látòósà tìtorí rẹ̀ bínú nìyẹn. Ẹni tó lè sọ pé "mi ò fún yín ní ẹ̀tù mọ́" lè dá ogun dúró láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí olórí ogun tó máa fẹ́ràn rẹ̀.

* * *

Bọ̀dá kan láti Òkè-Fìà bá mi fa ọ̀rọ̀. Ó ní àsọdùn ni pé olórí ń bẹ̀rù balógun tó ṣẹ́gun, pé olórí wo ni kò fẹ́ kí ogun òun ṣẹ́? Ó ní kí n mú àpẹẹrẹ kan péré wá tí ọba ti fẹ́ kí balógun òun kú.

Ẹ̀gbọ́n, Awólẹ̀ ńkọ́?

Aláàfin Awólẹ̀ ti Ọ̀yọ́ ní Kakaǹfò kan, ìyẹn olórí gbogbo ọmọ ogun rẹ̀, Àfọ̀njá, ní Ìlọrin. Ẹ mọ òfin Kakaǹfò: tó bá lọ sógun, kó ṣẹ́gun bọ̀ wálé, tí kò bá ṣẹ́gun, kó má padà láàyè. Ọba bá wá ibì kan tí Àfọ̀njá ò ní lè ṣẹ́, ó ní kí wọ́n lọ gbógun ti Ìwéré-Ilé. Orí òkè ni ìlú náà wà. Àwọn olóyè ogun mọ ohun tí ọba ń ṣe. Wọn ò gun òkè kankan, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí Ìwéré, wọ́n yíjú sí Ọ̀yọ́. Wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba. Ẹni tí wọ́n bá fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, orí rẹ̀ ni. Awólẹ̀ jáde sí àgbàlá, ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀, ó gégùn-ún, ó sì gba májèlé jẹ.

Àwa níbí máa ń sọ ìtàn yẹn bí ìtàn èpè. Ẹ yọ èpè kúrò. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ọba kan tó lo ogun láti fi pa balógun rẹ̀, àti balógun kan tó rí i tí kò sì gbà. Kí ló tẹ̀ lé e? Àfọ̀njá ò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ó pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, mọ́ra, ó kó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní jàmáà jọ láti fi ṣe agbára. Nígbà tó yá, ó di pé òun náà ò lè pàṣẹ fún wọn. Nǹkan bí ọdún 1824, àwọn ọmọ ogun tó kó jọ yẹn ló pa á. Ìlọrin kúrò lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ó di ti àwọn Fúlàní.

Àwọn Ìlọrin wọ̀nyẹn kan náà ló dé ẹ̀yìn odi Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń jà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lórí Olúyọ̀lé àti Ọdẹ́rìnlọ́, ìjà tí Aláàfin bá Kakaǹfò rẹ̀ jà ló gbé ẹṣin wá sí ẹnu ọ̀nà yín.

* * *

Ẹni tó ní Ìkìrun ni ogun Jálumi ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe Òṣogbo: bẹ́ẹ̀ ni, Ìkìrun ni, ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ yín. Láti ibi tí mo jókòó yìí, tí mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, kí n tó jẹ gúgúrú tán mo ti dé.

* * *

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ Jálumi, torí òun ló gbé ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀ jù.

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878. Ìlọrin, Ìlá, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti kóra jọ sí agbègbè Ìkìrun. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni olórí Ìbàdàn. Ilé ló wà. Balógun rẹ̀, Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n, ló kó ogun lọ. Ó bá wọn níbi tí wọ́n pín sí, ó lu àwọn kan, ó yíjú sí àwọn tó kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sá lọ sí odò Ọ̀tìn, omi sì kún. Wọ́n já lu omi. Orúkọ ogun náà nìyẹn.

Odindi ọ̀tá tó fẹ́ gbá Ìbàdàn mọ́lẹ̀, ọkùnrin kan fọ́ ọ lọ́jọ́ kan, olórí rẹ̀ sì wà nílé. Ẹ rò ó wò. Nígbà tí ìròyìn dé Ìbàdàn, orúkọ ta ni onílù ń lù?

Ògbórí-ẹfọ̀n kò pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀, ọdún 1879 ló kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbésẹ̀ tí Látòósà gbé tẹ̀ lé e. Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó kó gbogbo ogun Ìbàdàn, ó gba ọ̀nà Ìgbájọ lọ pàdé Èkìtìparapọ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, níbi tí a wá mọ̀ sí Kírìjì. Àwọn kan ní akin ni. Kì í ṣe ojo lóòótọ́. Àmọ́ ọkùnrin yìí kan náà ni Ṣẹ́ríkí rẹ̀, Ìyápọ̀, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, fi pa ara rẹ̀ ní 1877, torí wọ́n há a mọ́ igun tí kò ti lè jáde. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ balógun ńlá kò lè jókòó sílé mọ́ kó rán ẹlòmíràn lọ ṣẹ́gun. Yóò máa lọ fúnra rẹ̀ ni.

Ó lọ, kò bọ̀. Inú ibùdó ló kú sí ní 1885. Ogun ò sì parí. Ìró ìbọn tuntun tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn ló sọ ibẹ̀ lórúkọ, kí-rì-jì, kí-rì-jì. Ìyá tó béèrè ẹ̀tù, ẹ rí i pé ẹ̀yin lẹ ṣì borí.

Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ wo Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí. Òun ló pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, òun ló dá ogun sílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Nígbà tí Ògèdèǹgbé Iléṣà dé, Ògèdèǹgbé ló di olórí ogun, Fábùnmi sì ń jà lọ lábẹ́ rẹ̀. Mo máa ń rò pé èyí ṣòro ju ìbọn yíyìn lọ. Èmi ò rò pé mo lè ṣe é. Kí n dá iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn wá jẹ́ fọ́ọ̀mánù?

Ẹni tó gba ipò lẹ́yìn Látòósà ní ibùdó, Balógun Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹ́kún, ló gbé e débi tí òyìnbó fi là wọ́n. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó tó tú. Ọkùnrin yìí kó ọmọ ogun tó kù délé. Ìlú ò gbà á. Wọ́n ní kò ní í jẹ olórí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi di ẹrù olóògbé kan mú.

* * *

Wọ́n ní ìtàn baba ńlá ti pọ̀ jù, kí n sọ ti sójà.

Bàbá kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó jagun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970. Kọ́ọ̀pù ṣíṣí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi páànù ṣe, etí rẹ̀ ti họ, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ó máa ń fi mu ògì. Lábẹ́ Benjamin Adekunle ló wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé Dúdú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bi í pé nígbà yẹn, ta ni ọ̀gá yín? Ó wò mí bíi pé mo bú u. Ó ní, "Gowon wà lórí rédíò. Adekunle wà lọ́rùn wa."

Ẹ mú gbólóhùn yẹn dání. Yakubu Gowon kò tíì pé ọmọ ọdún 33 nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá ọmọ ogun tó dà bí ọba ní àgbègbè tiwọn: Shuwa lókè, Murtala Muhammed ní apá odò Ọya, Adekunle létí òkun. Murtala fẹ́ gba Onitsha láti Asaba, nínú odò náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà ní olú ilé iṣẹ́ ọmọ ogun kò fẹ́ kó gba ibẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọmọ èèyàn bá omi lọ. Gowon kò yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí olórí fọwọ́ lẹ́rán, ẹ wá dáhùn èyí.

Ti Adekunle yàtọ̀. Òun gba Bonny, ó gba Calabar, ó gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún 1968. Gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, àwọn oníròyìn òyìnbó ń tọ̀ ọ́ lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Lẹ́yìn náà ni Owerri bọ́ lọ́wọ́ wọn ní oṣù kẹrin 1969, kò sì tó oṣù kan tí wọ́n fi mú un kúrò, tí wọ́n gbé Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹ̀ńjíníà, síbẹ̀. Àwọn kan ní Owerri ló fà á. Àwọn kan ní orúkọ rẹ̀ ló ti tóbi jù. Èmi rò pé méjèèjì ni: orúkọ tóbi tipẹ́, Owerri ló wá fún wọn láyè. Mo bi bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun bóun náà ṣe rí i. Ó da ìyókù ògì nù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní ohun tóun rántí ni pé lẹ́yìn tí Ọbásanjọ́ dé, bàtà dé.

Bàtà dé. Ẹ̀tù Ẹfúnṣetán náà nìyẹn.

Ní apá Biafra, ẹ̀mí ló lọ sí i. Victor Banjo, Yorùbá bíi tiwa, kó ogun Ojukwu dé Orè ní oṣù kẹjọ 1967. Ibẹ̀ ni "ó le kú, ìjà Orè" ti wá, ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń sọ ọ́ láìmọ̀. Ogun ò tẹ̀ síwájú mọ́, wọ́n ní ó ti dìtẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n yìnbọn pa òun àti Ifeajuna, Alale àti Agbam ní Enugu.

* * *

Bọ̀dá Òkè-Fìà ti padà wá. Ó ní òun gbà díẹ̀, àmọ́ Gowon kò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí ló wá gbà níbẹ̀? Ọjọ́ 29, oṣù keje, 1975, ó wà ní ìpàdé ní Kampala tí wọ́n fi gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Murtala ló jókòó sí àyè rẹ̀. Ó ní ṣé mo rí i pé Látòósà ló gbọ́n?

Rárá o. Gowon wà láàyè. Ó padà sí iléèwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbàwé, ó wá sílé. Látòósà kú sí inú búkà ogun. Tí ẹ bá bi mí, mo mọ ibi tí mo fẹ́ dàgbà sí.

McClellan tí Lincoln yọ, ẹ mọ ohun tó ṣe? Ní 1864, tí ogun ṣì ń lọ, ó jáde láti du ipò ààrẹ mọ́ Lincoln lọ́wọ́. Balógun tí wọ́n lé! Wọ́n dìbò, ó fìdí rẹmi, ó lọ sílé. Truman náà, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun Kòríà, yọ ọ̀gágun MacArthur ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, 1951, torí ó ń bá ìjọba jiyàn níta gbangba. Ó délé, wọ́n tú yáyá kí i káàbọ̀. Wọ́n kí i tán, ó jókòó. Kò sí igbá òfìfo, kò sí májèlé.

Ohun tí a ò ní nígbà ayé Awólẹ̀ rèé, ìyẹn ọ̀nà tí balógun lè gbà kúrò lórí oyè tí yóò sì tún jẹun alẹ́. Kakaǹfò ò lè kọ̀wé pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tí kò bá sí ọ̀nà àbájáde, olórí á máa wo balógun bí ẹni tó fẹ́ pa òun, balógun á máa wo olórí bẹ́ẹ̀, adìẹ bà lókùn ni.

* * *

Ẹni tó bi wá léèrè, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ẹ ní ta ni kí ẹ kí.

Tí ẹ bá padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ pé Ọdẹ́rìnlọ́ ló ja ogun òru. Ẹ sọ fún bàbá pé Olúyọ̀lé ló rán an, pé ọkùnrin tó bá ní oko ilá tirẹ̀ lọ́tọ̀, oko ẹ̀wà lọ́tọ̀, oko iṣu lọ́tọ̀, kì í ṣe ẹni tí ń ṣeré nídìí oko. Ọmọ ogun ń jẹun. Ẹ bi wọ́n pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló tú Jínbà sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ìjókòó yín sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gẹ apá òsì tán kó tó di pé ẹ bi í.